Nígbà Tí Orin Bá Dé Etí Tí Ẹ̀rọ Ń Ràn Lọ́wọ́

Ní abala ìdílé ti oṣù yìí, a fẹ́ dáhùn lẹ́tà kan tí ó dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìkòtún níbí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré. Àrùn yírùnyírùn kọlù ú. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di pátápátá. Ẹbí dáwó jọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àwọn dókítà sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní cochlear implant sí i nínú etí. Ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá rẹ̀ lè pè é láti ilé ìdáná, kí ó sì dáhùn. Gbogbo ìjọ ni ó bá wọn jó ní ọjọ́ tí wọ́n jẹ́rìí.

Ohun tí ó ń da ìyá yìí láàmú ni pé, bí ẹgbẹ́ akọrin bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà a dìde, a sì jáde síta. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ariwo lásán ni òun ń gbọ́, pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń da abọ́ irin sílẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀mí kan ni kò fẹ́ kí ó gbọ́ ìyìn Ọlọ́run. Àwọn mìíràn ní ìwòsàn náà kò tíì pé, pé kí ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí, kí ó fi ìgbàgbọ́ gba èyí tí ó kù. Ìyá wá bi wá bóyá ọmọ òun ti kọ orin Olúwa sílẹ̀ ni.

Rárá o, ìyá wa. Òtítọ́ ni ọmọ yín ń sọ. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó fa ohun tí ó ń gbọ́, ó sì yẹ kí gbogbo ìjọ mọ̀ ọ́n, kí a má baà fi ẹnu wa ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Nínú etí ènìyàn, níbi tí ojú kò lè rí, ohun kan wà tí ó rí bí ìkarahun ìgbín. Ó ká ní ìká méjì àti ààbọ̀. Omi ni ó wà nínú rẹ̀, àti àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tí irun hù lé lórí, tí iye wọn tó bí 15,000 nínú etí kan ṣoṣo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀ tí ó ń gbà. Àwọn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ń gba ohùn tín-ín-rín, bíi ti fèrè. Àwọn tí ó wà ní ìdí lọ́hùn-ún ń gba ohùn tí ó nípọn, bíi ti ìlù ńlá. Bí àrùn bá pa wọ́n, tàbí oògùn kan, tàbí ariwo, tàbí ogbó, wọn kì í hù padà. Iṣan tí ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ lè wà láàyè síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rán an níṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí àwọn àgbàlagbà ń kì bọ etí, ṣe ni ó ń mú kí ohùn ròkè sí i. Bí àwọn ẹlẹ́rìí inú ìkarahun yẹn bá ti kú tán, ìròkè ohùn kò lè ṣe àǹfààní. Cochlear implant kò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá rárá. Apá kan rẹ̀ wà ní ìta: a máa ń fi í kọ́ ẹ̀yìn etí, ó ní maikirofóònù, kọ̀ǹpútà kékeré àti bátìrì, àti ohun róbótó kan tí irin òòfà mú mọ́ awọ orí. Apá kejì wà lábẹ́ awọ, láti ibẹ̀ ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wọ inú ìkarahun náà lọ. Lára okùn yìí ni àwọn ojú irin kéékèèké wà tí iná mànàmáná ń gbà jáde sí ara iṣan. Iye ojú irin náà sábà máa ń wà láàárín 12 sí 22, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é.

Ẹ rò ó wò. Níbi tí 15,000 ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, 22 ni a fi rọ́pò wọn, bí ó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iná náà kì í sì í dúró sí ojú kan nínú omi. Bí ojú irin kan bá tú u jáde, a tàn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó jókòó sí ìdí kíbọ́ọ̀dù ní ilé ìsìn, tí a ní kí ó má ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́, àfi ìgbọ̀nwọ́. Yóò lè tẹ̀ ẹ́ ní àsìkò, yóò lè tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ tàbí kíkankíkan. Ṣùgbọ́n orin wo ni a ó gbọ́ níbẹ̀?

Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà kò gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe é fún. Láti ọdún 1957, nígbà tí Djourno àti Eyriès kọ́kọ́ fi iná ru iṣan etí ènìyàn ní ìlú Paris, ohun tí gbogbo wọn ń lé ni pé kí adití lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ wá lọ́kàn jù nínú wọn ni Graeme Clark, ọmọ ilẹ̀ Australia, tí baba rẹ̀ ń ta oògùn ní ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Camden, tí etí baba náà kò sì gbọ́ràn dáadáa. Ọmọ yìí di dókítà etí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1978, ní Melbourne, ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sí etí Rod Saunders, ọkùnrin kan tí jàǹbá ọkọ̀ ti sọ di adití. Nígbà tí wọ́n ń dán ẹ̀rọ náà wò, wọ́n gba inú rẹ̀ fi orin orílẹ̀-èdè ránṣẹ́ sí i. Saunders dìde dúró gbọnrangandan bí ẹni tí ó wà níwájú àsíá! Kí ni ó fi dá orin náà mọ̀? Bí ó ṣe ń rìn ni: ibi tí ó ti fà gùn, ibi tí ó ti kúrú, ibi tí ó ti sinmi. Ìrìn orin ni ó kọ́kọ́ wọlé, ìrìn náà ni ó sì dúró ṣinṣin jù títí di òní.

Kate Gfeller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa, Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn mìíràn náà sì ti ṣe é ní ilẹ̀ púpọ̀. Ohun tí wọ́n rí kò yàtọ̀ púpọ̀. Bí a bá lu ìlù, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ yìí yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì pàtẹ́wọ́ sí i, bí ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ohùn tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Etí tí ó dá ṣáṣá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín bọ́tìnnì méjì tí ó fara kanra lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo ẹ̀rọ yìí, àfi kí bọ́tìnnì márùn-ún tàbí méje, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà láàárín kí wọ́n tó mọ̀ pé èkíní kì í ṣe èkejì. Dùùrù àti gìtá lè jọ ara wọn létí wọn. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ kúrò nínú orin, tí a sì ní kí ìrìn rẹ̀ dọ́gba, orin tí wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà èwe lè di àjèjì. Bí a bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, wọn a tún mọ̀ ọ́n.

Ní ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ orin nìkan ni èyí jẹ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohùn ni a fi ń sọ èdè wa. Bí a bá mú dò, re, mí kúrò lára ọ̀rọ̀, kí ni yóò ya ọwọ́ tí a gbé sókè nínú ìyìn kúrò lára ọwọ̀ tí a fi gbálẹ̀, tàbí kúrò lára ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà? Àwọn ará Ṣáínà náà ní èdè olóhùn bíi tiwa, a sì ti rí i lọ́dọ̀ wọn pé àwọn ọmọ tí ń lo ẹ̀rọ yìí sábà máa ń ṣi ohùn mú. Ṣùgbọ́n ohùn tiwọn tún yàtọ̀ síra ní gígùn àti ní kúkúrú, èyí tí ẹ̀rọ lè gbé. Tiwa dá lé gíga àti rírẹlẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ọmọ yìí bá gbọ́ gbólóhùn yín ní àṣìgbọ́, ẹ má pè é ní ọlọ́kàn líle. Ó ń fi òye di ibi tí etí kò dé. Ẹ sọ gbólóhùn náà ní kíkún, ẹ yí i padà bí kò bá yé e, ẹ má kàn tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà pariwo mọ́ ọn.

Àwọn àgbà inú orin ìjọ mọ agbára ohùn yìí dáadáa. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì mú orin ìsìn dé, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn orin òyìnbó sílẹ̀ bí ó ti wà. Orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀. Ìjọ ń kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ń sọnù. Alàgbà J. J. Ransome-Kuti ti ilẹ̀ Ẹ̀gbá wà lára àwọn tí ó kọ orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo orin ní London ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, kọ odidi ìwé kan lórí orin Yorùbá, èyí tí ó jáde ní 1953, níbi tí ó ti fi hàn pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó máa darí ohùn orin. Ìjà rere ni wọ́n jà fún wa. Ṣùgbọ́n fún etí tí ó ní ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n jà fún gan-an ni kò wọlé.

Ẹ tún wo gángan. Onílù ń fún ọṣán, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó ń fi ìlù ki ènìyàn, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí a mọ ohun tí ó ń wí. Ọmọ yìí ń gbọ́ kọ̀ǹgọ́ lára awọ, ó mọ ìgbà tí ó yára àti ìgbà tí ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ìlù náà kò bá a sọ̀rọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ kò pàdánù ohun púpọ̀. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi fèrè àti dùùrù ṣe àpèjúwe nínú 1 Kọ́ríńtì 14:7, pé bí ohùn wọn kò bá yàtọ̀ síra, kò sí bí a ṣe lè mọ ohun tí wọ́n ń fọn. Ẹ ka ẹsẹ náà ní ilé pẹ̀lú ọmọ yín. Òun yóò mọ̀ ọ́n ju olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ.

Ohun mìíràn tí ó ń dun àwọn tí ó gbọ́ràn tẹ́lẹ̀ ni ìrántí. Ọmọ tí a bí ní adití, tí a fi ẹ̀rọ sí etí rẹ̀ ní kékeré, kò ní orin àná tí yóò fi ti òní wé. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn orin, wọ́n sì ń jó. Ẹni tí ó ti kọrin rí ni ó ń jìyà. Michael Chorost, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kò gbọ́ràn dáadáa láti ìgbà ìbí, etí rẹ̀ sì di pátápátá ní 2001. Orin tí ó fẹ́ràn jù ni Boléro ti Ravel, ará Faransé, nínú èyí tí ìlù kan ṣoṣo ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ohùn orin sì ń yí po lórí rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìlù náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn orin ti ṣá. Ó tọ àwọn onímọ̀ lọ, wọ́n ń tún ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ rẹ̀ tò, ó sì ń rí i gbọ́ díẹ̀díẹ̀ sí i. Ó kọ ìtàn náà jáde ní 2005.

Nítorí náà, ìyá wa, ọ̀nà kò dí. Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọ padà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ tò, kí ẹ sọ fún wọn pé orin ìjọ ń dun ún létí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣí iná rẹ̀ jù, wọ́n sì lè dín in. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lásán lè ran etí kejì lọ́wọ́, bí ohunkóhun bá ṣẹ́ kù níbẹ̀. Díẹ̀ lára ohùn tí ó nípọn tí etí bẹ́ẹ̀ bá gbé wọlé máa ń ran ohùn orin lọ́wọ́ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, ní ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti dákẹ́. Ẹ mú orin kan tí ó ti mọ̀ kí àrùn tó dé. Kí ẹnì kan ṣoṣo kọ ọ́, láìsí kíbọ́ọ̀dù, kí ọmọ sì mú ọ̀rọ̀ orin náà lọ́wọ́ kí ó máa fi ojú tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kejì, ọ̀kan náà ni. Kí ẹ tó fi ohun èlò kan kún un, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. A ti rí i nínú ìwádìí pé ìdánrawò bẹ́ẹ̀ ń mú èso wá, bí kò tilẹ̀ dá ohùn àtijọ́ padà ní pípé.

Nínú ìjọ ńkọ́? Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin olórí akọrin. Láti oríta Ìkòtún títí dé Igando, ilé ìsìn mélòó ni ó wà tí sípíkà rẹ̀ kò kọjú sí ìgboro? Kíbọ́ọ̀dù, gìtá, ìlù, ènìyàn ogún lórí maikirofóònù, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ ń gbàdúrà pọ̀ sókè. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lẹ́yìn etí ọmọ yìí ń gbá gbogbo rẹ̀ jọ sínú àpò kan. Àwọn tí etí wọn dá ṣáṣá pàápàá ń fara gbọgbẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó jìnnà sí sípíkà, ní ibi tí yóò ti rí ẹnu ẹni tí ń lé orin. Ẹ jẹ́ kí orin kan wà nínú ìsìn tí a ó kọ pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́ àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Bí ó bá fẹ́ padà sínú ẹgbẹ́, ẹ gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà lé e lọ́wọ́. Kò ní ṣì í lù.

Nínú ìwé Máàkù orí keje, nígbà tí wọ́n mú adití tí ń ṣe akólòlò wá, Olúwa wa kọ́kọ́ mú un kúrò láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí apá kan. A sábà máa ń sáré ka ibẹ̀ kọjá kí a lè dé ibi iṣẹ́ ìyanu. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń ní kí ó yọ ẹ̀rọ náà: a gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wo sàn, a sì ń wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá yọ ọ́, kò ní gbọ́ nǹkan kan, kì bá à ṣe ìwàásù yín. Ẹ ka Léfítíkù 19:14 kí ẹ tó tún bá a sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kò lè sin Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ni iṣẹ́ abẹ yìí ń gbà, a ti ń ṣe é ní Nàìjíríà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdílé ni agbára wọn ká a, kì í sì í ṣe gbogbo adití ni ó fẹ́ ẹ. Andrew Foster, ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, wá láti Amẹ́ríkà, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ọwọ́ ni ó fi ń wàásù.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn òbí tí àrùn yírùnyírùn bá wọ ilé wọn: ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó yẹ etí ọmọ wò. Lẹ́yìn àrùn yìí, egungun lè hù dí inú ìkarahun etí, bí ó bá sì ti dí, okùn ẹ̀rọ kò ní rí ọ̀nà wọlé dáadáa.

Àti ẹ̀yin pásítọ̀ wa. Bí ẹ bá ń gbé ọwọ́ lé ọmọ yìí lórí, ẹ gbé e sí iwájú orí tàbí èjìká, nítorí bí ọwọ́ bá ti ohun róbótó yẹn kúrò lójú òòfà rẹ̀, àdúrà náà yóò dákẹ́ mọ́ ọn létí lójijì, ẹ̀rù a sì bà á. Ẹ má da òróró sí i. Bí ó bá di ọjọ́ ìrìbọmi, ó ní láti bọ́ apá ìta sílẹ̀ kí ó tó wọ inú omi, kò sì ní gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ bá a sọ gbogbo ohun tí ẹ ní láti sọ ní etí omi, ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ gba ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ sì jọ pinnu àmì ọwọ́ tí ẹ ó fi sọ fún un pé ó yá. Kí ìyá rẹ̀ dúró létí omi pẹ̀lú aṣọ ìnura àti ẹ̀rọ náà lọ́wọ́, kí ó nu ẹ̀yìn etí rẹ̀ gbẹ dáadáa, kí ó tó fi í padà.